Ṣé Fádà Máa Pariwo Mọ́ Mi? Ìbéèrè Yín Lórí Kọnfẹ́ṣàn àti Òróró Aláìsàn ní Àsìkò Àdífẹ́ntì

ÌBÉÈRÈ: Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o. Ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ṣe kọnfẹ́ṣàn, ìyẹn jíjẹ́wọ́ ẹ̀ṣẹ̀ fún Fádà, gbẹ̀yìn, mi ò tiẹ̀ rántí bí wọ́n ṣe ń bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ mọ́. Màmá mi ń ṣàìsàn ọkàn, dókítà ní àwọn máa ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn kí Kérésì tó dé. Mo fẹ́ kí Fádà wá fi òróró kùn wọ́n, àmọ́ bùrọ̀dá mi yarí, wọ́n ní ẹni tó fẹ́ kú ni wọ́n ń ṣe é fún, pé ṣe ni mo fẹ́ dẹ́rù ba màmá. Ṣé òótọ́ ni? Èmi náà ńkọ́, ṣé mo lè ṣe kọnfẹ́ṣàn tèmi lórí fóònù, torí ojú ń tì mí? – Ọmọ Àgùdà tó ti pẹ́ níta

ÌDÁHÙN: Ẹ kú ìtọ́jú màmá o, Ọlọ́run á fún wọn lálàáfíà. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ mú ti bùrọ̀dá, torí àwọn ló ń dá nǹkan dúró. Wọn ò kúkú purọ́, láyé ọjọ́sí ẹni tó ti ń kú lọ ni wọ́n sábà ń pe Fádà wá fi òróró kùn, ìyẹn ló jẹ́ kí àyà àwọn èèyàn máa já tí wọ́n bá ti rí Fádà lẹ́nu ọ̀nà. Ìpàdé Vatican Kejì, ìpàdé ńlá àwọn Bíṣọ́ọ̀bù Ìjọ Àgùdà (1962 sí 1965), ló là á mọ́lẹ̀ pé sákírámẹ́ńtì (ààtò mímọ́) yìí kì í ṣe ti ẹni tó wà lẹ́nu ikú nìkan, Póòpù Paul Kẹfà sì tún ètò ẹ̀ ṣe ní 1972. Ẹni tí àìsàn rẹ̀ le, àgbàlagbà tí ara ẹ̀ ti ń rẹ̀, ẹni tó fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ abẹ nítorí àìsàn tó le bíi ti màmá yín, gbogbo wọn ló lè gbà á, tí àìsàn náà bá tún le sí i wọ́n lè tún un ṣe. Iwájú orí àti ọwọ́ ni Fádà máa fi òróró sí, bí Jákọ́bù ṣe wí ní orí 5 ìwé ẹ̀, pé kí aláìsàn pe àwọn alàgbà ìjọ. Fádà tàbí Bíṣọ́ọ̀bù nìkan ló lè ṣe é, kátíkíìsì, ìyẹn olùkọ́ ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ nínú ìjọ, ò lè ṣe é. Ìyẹn ò ní kẹ́ ẹ fagi lé iṣẹ́ abẹ o! Ìjọ ò ṣèlérí pé ara á le lójú ẹsẹ̀, okun àti ìfọ̀kànbalẹ̀ ni oore tó ń bá a wá, àti ìdáríjì, ara sì lè yá tí Ọlọ́run bá fẹ́. Ẹ tiẹ̀ bi màmá fúnra wọn, àwọn ló lara, kì í ṣe ẹ̀yin àti bùrọ̀dá.

Ti fóònù, rárá. Ẹ gbọ́dọ̀ lọ bá Fádà fúnra yín ni, àmọ́ ẹ lè kúnlẹ̀ sẹ́yìn àwọ̀n tó wà láàárín yín tẹ́ ò bá fẹ́ kó rí yín. Fádà ò gbọ́dọ̀ sọ ohun tẹ́ ẹ bá bá a sọ fún ẹnikẹ́ni láéláé, tó bá sọ ọ́, òfin Ìjọ yọ ọ́ kúrò nínú àjọ. Tẹ́ ẹ bá débẹ̀, ẹ ní "Fádà, ẹ súre fún mi torí mo ti ṣẹ̀, ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá, mi ò rántí bí wọ́n ṣe ń ṣe é mọ́," á tọ́ yín sọ́nà. Èyí tẹ́ ẹ bá gbàgbé, ó ti wọnú ìdáríjì, èyí tẹ́ ẹ bá mọ̀ọ́mọ̀ fi pamọ́ ni wàhálà. Fádà tó ń pariwo wà lóòótọ́, mi ò ní parọ́ fún yín, àmọ́ wọn ò pọ̀.

Ẹ má dúró di 23 tàbí 24 Dìsẹ́ńbà o, ìlà á gùn, Fádà á ti rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìjọ máa ń ṣètò ìsìn ìrònúpìwàdà nínú Àdífẹ́ntì, àsìkò ìmúrasílẹ̀ fún Kérésì, táwọn Fádà mélòó kan á jọ máa gbọ́ kọnfẹ́ṣàn, ẹ wo ìwé ìkéde ìjọ yín. Tó bá jẹ́ ìmọ̀ràn gígùn lẹ ń wá lórí ọ̀rọ̀ ilé, ẹ gba àkókò lọ́tọ̀ lọ́wọ́ Fádà, torí ẹni ogún lè wà lẹ́yìn yín lórí ìlà. Tó bá sì ń bọ̀ wá bá màmá, ẹ sọ fún un ṣáájú bí wọ́n bá fẹ́ ṣe kọnfẹ́ṣàn tàbí gba Kọ́múníọ̀n, kí gbogbo ilé lè jáde fún wọn díẹ̀ ná tó bá kan kọnfẹ́ṣàn, kẹ́ ẹ tó padà wọlé gbàdúrà òróró pọ̀, bùrọ̀dá náà.