Èsì: Kí ló dé tí gbèsè káàdì ọmọ mi ò lọ sílẹ̀?

Ẹ̀gbọ́n mi ní Ṣágámù, ẹ kú ìtọ́jú ọmọ. Ẹ ní gbèsè dọ́là 2,000 ló wà lórí káàdì tí ọmọ yín fi ń yáwó ná (credit card) ní Amẹ́ríkà, iye tó kéré jù tí báńkì ń bèèrè ló sì ń san lóṣooṣù.

Ọ̀pọ̀ báńkì ibẹ̀ máa ń mú 1% gbèsè náà, wọ́n á wá fi èlé oṣù yẹn kún un. Bí èlé bá jẹ́ 24% lọ́dún, ti oṣù kan jẹ́ dọ́là 40. 1% jẹ́ dọ́là 20. Ó san 60, ogún péré ló kan ojú owó! Bí gbèsè bá sì ṣe ń dín kù, bẹ́ẹ̀ ni iye tí wọ́n ń bèèrè ń dín kù, ọdún á wá máa gorí ọdún. Ẹni tó bá ti yáwó lọ́wọ́ olówó èlé ní Ìjẹ̀bú-Òde rí mọ ìrora yìí.

Kí ọmọ yín wo ìwé tí báńkì ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù. Òfin ọdún 2009 ní kí wọ́n kọ iye tó lè parí gbèsè lọ́dún mẹ́ta síbẹ̀. Bí mo ṣe ṣírò rẹ̀, kò ju bíi dọ́là 79 lóṣù kan lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ìyẹn ni kó máa san, kó má sì fi káàdì náà ra nǹkan kan mọ́.