Èsì: Owó obìnrin tó ń ru kọnkéré ní ibi ìkọ́lé

Ẹ kú iṣẹ́ o, ìyá Kétu. Ẹ bèèrè bóyá ó tọ́ kí wọ́n san 2,500 fáránkì fún ọkùnrin, 1,500 fún ẹ̀yin, nígbà tí ẹ jọ ń ru kọnkéré kan náà. Kò bófin mu. Òfin iṣẹ́ orílẹ̀-èdè Benin ti 1998 ní bí iṣẹ́, ìmọ̀ àti ohun tí ọwọ́ mú jáde bá dọ́gba, owó gbọ́dọ̀ dọ́gba. Ẹ má fi tiyín wé ti mọlémọlé o, iṣẹ́ àti ìmọ̀ tiwọn yàtọ̀.

Wọ́n á ní ọkùnrin ń rù jù. Nítorí náà:

1. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́: abọ́ mélòó, aago mélòó, iye tí wọ́n san.
2. Ẹ kó ara yín jọ bá ọ̀gá láàárọ̀, kí wọ́n tó po sìmẹ́ǹtì. Tó bá dìrọ̀lẹ́, owó ti tán lọ́wọ́ rẹ̀.
3. Bó bá kọ̀, ẹ mú ìwé yẹn lọ sí inspection du travail, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sí òfin iṣẹ́.