Ẹ Bi Wá: Bátìrì LiPo tuntun, mọ́tò ìrù hẹlikópítà tó ń kú lọ

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ra hẹlikópítà kékeré onírìmóòtù kan ní tòkúnbọ̀, èyí tó ní mọ́tò méjì, ńlá fún fáànù orí, kékeré ní ìrù. Bátìrì NiMH (irú àtijọ́ tó wúwo yẹn) 9.6 fólítì ló bá a wá, kí n tó máa gbádùn ẹ̀ ó ti tán. Ẹnìkan ní kí n ra LiPo, bátìrì lítíọ̀mù pẹlẹbẹ yẹn, oníhóró mẹ́ta (bátìrì kéékèèké mẹ́ta tí wọ́n so pọ̀), mo rà á, háà, ó fò bí àṣá! Àmọ́ kò tó ọ̀sẹ̀ méjì tí imú ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí fúnra ẹ̀, mo yí gyro (ẹ̀rọ kékeré tó ń darí ìrù kí imú má bàa yí) síbí mo yí i sọ́hùn-ún títí ó fi sú mi. Ṣé gyro ló bàjẹ́ ni àbí bátìrì burúkú ni wọ́n tà fún mi? — Bàbá Ìbejì, Mákun, Ṣàgámù

Ìdáhùn: Bàbá Ìbejì, ẹ kú ìnáwó. Bátìrì yín ò ṣe nǹkan kan, gyro náà ò sì jọ pé ó ṣe nǹkan kan. Mọ́tò ìrù ló ń kú lọ, bátìrì dáadáa tẹ́ ẹ rà yẹn gan-an ló sì ń pa á.

Ẹ wò ó, fáànù orí ń yí sápá kan, ara hẹlikópítà fẹ́ yí sápá kejì, mọ́tò kékeré ìdí yẹn ló ń dì í mú kó má yí, látìgbà tẹ́ ẹ bá ti gbé e sókè títí tó fi balẹ̀ kò lè sinmi. Tí fáànù orí bá wá ń lágbára sí i, ìrù náà gbọ́dọ̀ ṣe sí i. NiMH yín, hóró mẹ́jọ ni, 1.2 fólítì ọ̀kọ̀ọ̀kan, 9.6 nìyẹn. LiPo hóró mẹ́ta jẹ́ 11.1, tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ kún 12.6 ni. Ẹ ó rò pé láti 9.6 sí 11.1 kò tó nǹkan, àmọ́ ooru kì í tẹ̀lé fólítì bẹ́ẹ̀, fólítì lọ sókè bí ìdá kan nínú mẹ́fà, ooru tó lè wọ mọ́tò yẹn á lọ sókè tó ìdá kan nínú mẹ́ta. Tẹ́ ẹ bá ti gbé e balẹ̀, ẹ di mọ́tò yẹn mú kẹ́ ẹ ka ení, èjì, ẹ̀ta. Tẹ́ ò bá lè kà á débẹ̀, ó ti gbóná jù.

Ó ti ṣe èmi náà rí kẹ̀. Nínú pálọ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, mo gbọ́ òórùn bíi ti wáyà tó ń jó, kí n tó mọ̀, nǹkan ti ń ràn bí òkòtó, ó lọ já sínú abọ́ ìkọ́kọrẹ́ tí ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé kalẹ̀, ẹ má bi mí bí ilé ṣe rí lọ́jọ́ náà. Mo tú mọ́tò yẹn, eruku dúdú bí èédú ló dà sí mi lọ́wọ́, kábọ̀n tó ń gbé iná fún un ti jẹ tán, ó ku irin tó ń ha irin. Kì í sì í ṣe bíi ti jẹnẹrétọ̀ tẹ́ ẹ lè ra kábọ̀n tuntun ki bọ̀ ọ́, wọ́n ti tẹ ìdérí ẹ̀ pa, ẹ ó kàn jù ú nù ni.

Tówó ò bá sí, ẹ ra irú mọ́tò yẹn gan-an, ẹ wọ irin alumíníọ̀mù tó ń fa ooru sí i lára, kẹ́ ẹ sì pààrọ̀ gíà kékeré tó wà lẹ́nu mọ́tò ńlá sí èyí tí eyín ẹ̀ fi ọ̀kan dín, kí fáànù orí má bàa sáré jù, ìrù náà á rí ara gbé nǹkan. Á pẹ́ díẹ̀ sí i, àmọ́ ẹ ṣì máa rà á lẹ́ẹ̀kan sí i, mi ò tàn yín.

Èyí tó máa ń tọ́jọ́ ni mọ́tò brushless, kò ní kábọ̀n tó máa jẹ tán. Ibi tó ti ń dà mọ́ àwọn èèyàn lójú ni pé wọ́n á rà á tán, wọ́n á rí i pé wáyà mẹ́ta ló ní, tí èyí tó jáde látinú pátákó inú hẹlikópítà sì jẹ́ méjì. Ẹ ò lè so ó mọ́ra bẹ́ẹ̀. Ó ní láti ní ESC tiẹ̀ (pátákó tó ń darí bí mọ́tò ṣe ń sáré), yálà kẹ́ ẹ ra gyro ọ̀tọ̀ tó ń sọ̀rọ̀ sí ESC, tàbí pátákó kékeré tó ń yí iná wáyà méjì padà sí irú àṣẹ tí ESC gbọ́. Lórí ESC ìrù, ẹ pa bíréèkì, ẹ pa èyí tó ń mú kó rọra bẹ̀rẹ̀, àti pàtàkì jù, ẹ pa èyí tó ń gé iná tí bátìrì bá lọ sílẹ̀. Tó bá gé iná ìrù lókè, òkòtó náà nìyẹn. Ẹ jẹ́ kí ti mọ́tò ńlá máa gé tiẹ̀. Tí ESC méjèèjì bá sì ń fún rìsífà (ohun tó ń gba àṣẹ rìmóòtù) níná, ẹ yọ wáyà pupa tó lọ sí rìsífà lára ọ̀kan.

Nǹkan kékeré kan tí mo fẹ́ gbàgbé: LiPo fúyẹ́ ju NiMH lọ, ìrù á wá wúwo. Ẹ fi ìka méjì gbé e níbi orí fáànù, tí ìdí ẹ̀ bá rọ̀ sílẹ̀, ẹ ti bátìrì síwájú.

Ìbéèrè: Ẹ jọ̀ọ́ sà, bátìrì pẹlẹbẹ tí ọmọ mi fi ń fo hẹlikópítà ẹ̀ ti wú bíi púfù-púfù. Ṣájà bátìrì àtijọ́ ló fi ń ṣáàjì ẹ̀. Ó ní òun máa fi abẹ́rẹ́ gún un kí afẹ́fẹ́ jáde. — Ìyá kan, Ìjẹ̀bú-Igbó

Ìdáhùn: Ìyá wa, ẹ gba abẹ́rẹ́ yẹn lọ́wọ́ ẹ̀ báyìí báyìí! Tó bá gún un, iná ló máa sọ. Kò gbọ́dọ̀ ṣáàjì ẹ̀ mọ́, ẹ gbé e síta sínú garawa irin tẹ́ ẹ da yanrìn sí. Ṣájà yẹn ló ṣe é, ti NiMH ò mọ ìgbà tí LiPo kún, kò sì ń wo hóró kọ̀ọ̀kan. Ṣájà LiPo tó ń pín iná dọ́gba ni kẹ́ ẹ rà, 4.2 fólítì ni hóró kan gbọ́dọ̀ parí sí, tí bátìrì bá jẹ́ 800 mAh, 0.8 ámpù ni kó fi ṣáàjì ẹ̀. Kó má sì fi sórí bẹ́ẹ̀dì nítorí pé NEPA mú iná wá lóru, kí ó wá sùn lọ.

Ìbéèrè: Bọ̀dá, ṣé mo lè gbé hẹlikópítà tèmi lọ fò ní Ojúde Ọba lọ́jọ́ kẹta Iléyá? Ìperu ni mò ń gbé.

Ìdáhùn: Àbúrò, rárá o. Ẹṣin mélòó ló máa wà níbẹ̀? Kí ọ̀kan ta gìrì láàárín regberegbe, ta ló fẹ́ dì í mú? Fáànù orí yẹn sì lè fọ́ ojú ènìyàn. Ní Ìperu náà, má lọ sí apá pápákọ̀ òfuurufú tó wà láàárín yín àti Ìlíṣàn. Pápá ilé ẹ̀kọ́ tí kò sẹ́nìkan ni kó o wá, bẹ màníjà wọn dáadáa, àárọ̀ kùtù kí atẹ́gùn tó dé.