Ṣé èso oko lè di epo jẹnẹrétọ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá wa. Mo ra éékà méjì lẹ́yìn Ògbómọ̀ṣọ́, lọ́nà Ìkòyí. Mángòrò àti kajú ló wù mí láti gbìn, kí n máa jẹ níbẹ̀, kí n sì máa fi èso rẹ̀ ṣe epo jẹnẹrétọ̀. Ṣé ó ṣeé ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú oríire ilẹ̀. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀ọ́, ẹ má torí epo gbin igi.

Bí wọ́n ṣe ń se ọ̀gógóró náà ni. Lásìkò kajú, ẹ wo abẹ́ igi: wọ́n ti yí kóró lọ tà, èso pupa á wà nílẹ̀, eṣinṣin á bò ó, kó tó di ọjọ́ kejì ó ti ń ta sánsán bí ẹ̀mu àná. Ṣúgà rẹ̀ ló ń di ọtí yẹn. Ẹ fún un sí kẹ́ẹ̀gì tí ẹ ò dé pinpin, ẹ fi ìwúkàrà sí i, tó bá dẹ́kun híhó, ẹ gbé e kaná. Ọtí ń di oòru ní 78°C, omi ní 100°C, nítorí náà ọtí ló ń ṣáájú gba páìpù jáde.

Ẹ wá bá mi ṣírò rẹ̀. Omi kajú líta 100 kì í sábà mú ju bíi líta 5 ọtí wá. Agbára ọtí sì tó bí ìdá méjì nínú mẹ́ta ti bẹntiróòlù, ìyẹn ni pé iṣẹ́ líta 3 àti díẹ̀ lẹ rí. Igi tí ẹ fi dáná ńkọ́? Mẹkáníìkì tún gbọ́dọ̀ fẹ ihò kabúrétọ̀.

Èyí tó ń bà mí lẹ́rù jù ni pé iná ọtí kì í fi bẹ́ẹ̀ hàn lójú ọ̀sán. Ó mú ọmọkùnrin kan lápá aṣọ níṣojú mi, a ò rí iná. Aṣọ tó ń ká kò ló ta wá lólobó. Ẹ má sè é nínú ilé láé.

Ẹ gbin igi fún ẹnu àti ọjà. Ní NIHORT, iléeṣẹ́ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣèwádìí ọ̀gbìn èso àti ẹ̀fọ́ n'Íbàdàn, ẹ béèrè mángòrò tí wọ́n lọ́, ìyẹn èyí tí wọ́n fi ẹ̀ka igi tó ń so dáadáa lẹ̀ mọ́ ìdí òmíràn. Ó lè so lọ́dún 3 sí 4. Ẹ fi mítà 10 sáàárín wọn, éékà kan á gba bíi 40. Ẹ̀ka tí ẹ bá gé ni igi ìdáná yín. Ìgbẹ́ ewúrẹ́ àti mángòrò tó rà ni kí ẹ kó sínú táǹkì gáàsì, ìyẹn táǹkì tí a dé pinpin tí ìgbẹ́ ti ń jẹrà di gáàsì ìdáná, àmọ́ kí ìgbẹ́ pọ̀ ju èso lọ dáadáa, torí kíkan èso ń dá gáàsì dúró. Omi dúdú tó bá ń jáde níbẹ̀, ìdí mángòrò ni kí ẹ dà á sí.