Níbo Ni Àwọn Ènìyàn Wà Nínú Àwòrán Igi Mẹ́ta?

ÌBÉÈRÈ: Ẹ̀yin olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́. Ọmọ mi tí ó ń kọ́ iṣẹ́ ọnà fi àwòrán kan hàn mí lórí fóònù, èyí tí Rembrandt, ayàwòrán ará Netherlands, tẹ̀ ní ọdún 1643, tí wọ́n ń pè ní Igi Mẹ́ta. Igi, òjò àti pápá gbalasa ni mo rí. Ó ní ènìyàn pọ̀ níbẹ̀. Mo wò títí, ẹyọ kan péré ni mo rí. Ṣé ènìyàn kò já mọ́ nǹkan kan lójú àwọn ayàwòrán ìgbà náà ni? Òǹkàwé yín, Abẹ́òkúta.

ÌDÁHÙN: Ọmọ yín kò purọ́. Ẹ fi ìka méjì fẹ àwòrán náà, kí ẹ wo ìsàlẹ̀ lápá òsì: ọkùnrin kan ń fi ìwọ̀ pẹja, obìnrin kan sì jókòó nítòsí rẹ̀. Lórí òkè, lẹ́yìn àwọn igi, kẹ̀kẹ́ tí ẹṣin ń fà ń kó èrò kọjá, ẹnì kan sì jókòó lápá ọ̀tún tí ó kẹ̀yìn sí igi, tí ó ń ya ohun tí àwa kò lè rí. Àwọn tí ó ṣòro jù láti rí ni olólùfẹ́ méjì tí wọ́n sá pamọ́ sínú igbó dúdú nísàlẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀tún. Gbogbo èyí wà lórí bébà tí kò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 21 sí 28 lọ. Òjò ń ṣú bọ̀ lápá òsì, síbẹ̀ kò sí ẹni tí ó ń sáré nínú wọn.

Ọ̀nà tí Rembrandt gbà ṣiṣẹ́ ló jẹ́ kí àwọn ènìyàn wọ̀nyí rí ibi sá sí. Ó fi ìda bo awo bàbà, ó fi abẹ́rẹ́ yàwòrán lára ìda náà, ó sì jẹ́ kí ásíìdì jẹ ibi tí abẹ́rẹ́ ti ṣí bàbà sílẹ̀, kí yíǹkì lè rí ojú kòtò dúró sí. Níbi tí ó ti fẹ́ kí òkùnkùn pọ̀ sí i, ó tún fi irin mímú ha bàbà náà lásán. Nítorí náà, irú ìlà kan náà ni ewé, koríko àti ènìyàn, ibi tí ìlà bá sì ti dábùú ara wọn léraléra, ojú gbọ́dọ̀ dúró pẹ́ kí ó tó mọ orí yàtọ̀ sí ewé. Àwọn kan ń fi igi mẹ́ta náà wé àgbélébùú mẹ́ta ti Kálfárì. N kò bá wọn jiyàn, ṣùgbọ́n apẹja yẹn ló wù mí jù.

Kì í ṣe pé Rembrandt kò ka ènìyàn sí. Awo bàbà kan wà tí Hercules Segers, ayàwòrán ará Netherlands mìíràn, ti ya Tóbíà inú ìwé Àpókírífà àti áńgẹ́lì sí, tí àwọn méjèèjì tóbi débi pé wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ gba apá ọ̀tún tán. Nígbà tí awo náà bọ́ sọ́wọ́ Rembrandt, ní nǹkan bí ọdún 1653, ó ha àwọn méjèèjì kúrò, ó dán ojú bàbà náà, ó sì ya Jósẹ́fù, Màríà àti Jésù tí wọ́n ń sá lọ sí Íjíbítì síbẹ̀, ní kékeré, lábẹ́ igi tí ó gbin sí àyè tí ó ṣófo. Òkè àti àfonífojì Segers lápá òsì ni kò fọwọ́ kàn. Ẹni tí ó lè fara ṣe irú wàhálà bẹ́ẹ̀ lórí bàbà líle ti ro bí ènìyàn ṣe yẹ kí ó tó nínú igbó dáadáa. Bí ọmọ yín bá rí àwòrán yẹn náà, ẹ ní kí ó wá àárín ewé igi wò: ìyẹ́ áńgẹ́lì kò parẹ́ tán níbẹ̀.