Motte kì í ṣe yàrà o, òkìtì ni

Ẹni tó béèrè pé ṣé yàrà omi ni motte nínú "motte-and-bailey", ìyẹn irú castle (ilé olódi àwọn ọba àti ìjòyè òyìnbó) kan láyé àtijọ́, torí ó gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ nínú fídíò kan: rárá o. Èmi náà wo fídíò yẹn, inú bí mi. Orí òkìtì ni bọ̀dá yẹn dúró sí, ó wá ń nawọ́ sí kòtò nísàlẹ̀, ó ní "motte rèé". Ohun tó fẹsẹ̀ tẹ̀ gan-an ni motte! Òkìtì tí wọ́n fọwọ́ mọ, tí wọ́n kọ́ ilé ìṣọ́ onípákó sórí ẹ̀. Bailey ni àgbàlá ìsàlẹ̀ tí wọ́n fi igi sọgbà yí ká, níbi tí ilé ìdáná àti ẹṣin wà, ìyẹn ò le.

Àmọ́ ṣá, ọ̀rọ̀ kan náà ni motte àti moat tí òyìnbó ń pe yàrà lónìí, Faransé àtijọ́ ló ti wá, òkìtì ló sì ń jẹ́ níbẹ̀. Báwo lòkìtì ṣe wá di yàrà? Tèmi ni pé iṣẹ́ kan ṣoṣo ni méjèèjì, ẹnikẹ́ni ò lè yí mi lérò padà. Níbo lẹ rò pé wọ́n ti rí yẹ̀pẹ̀? Ẹ wo aṣọ Bayeux tí wọ́n fi abẹ́rẹ́ àti òwú ya ogun 1066 sí, èyí tí William ará Normandy fi gba England, níbi tí wọ́n ti ń ṣe castle ti ìlú Hastings, Látìn tí wọ́n kọ síbẹ̀ ní wọ́n pàṣẹ kí wọ́n gbẹ́ castle. Gbẹ́ o, wọn ò ní kọ́! Àwọn lébìrà méjì tiẹ̀ wà níbẹ̀ tí wọ́n ń fi ṣọ́bìrì la ara wọn lórí. Ará Ìjẹ̀bú tó bá mọ Erédò Súngbọ́ ò ní béèrè, yẹ̀pẹ̀ tó jáde nínú yàrà ló di odi.

Àwọn èèyàn ń ya fọ́tò òkúta Clifford's Tower ní York, òkìtì ti wà níbẹ̀ láti ayé William, òkúta ò dé àfi 1240s.

Ẹ lọ wo castle Berkhamsted ní England, ẹ̀gbẹ́ stéṣọ̀n rélùwéè báyìí ni. Àwọn tó ṣe rélùwéè ní 1830s kó yẹ̀pẹ̀ bo ẹnu géètì ẹ̀, ọmọ onílẹ̀ fúnra wọn ti gbàgbé, ajá ni wọ́n ń mú rìn lórí ẹ̀. Mo kó àwọn ọmọ mi lọ, òkìtì tó ga tó mítà 12, koríko bò ó, wọ́n ní "Dádì, castle náà dà?" Orí ẹ̀ la wà! Kí n tó ṣàlàyé tán, àbíkẹ́yìn ti yí gbirigbiri látorí motte bọ́ sínú moat, òjò sì ti rọ̀ lánàá ẹ̀.