Ewé tómátì àti epo pọ́ǹpù

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Tómátì ni mo ń gbìn lẹ́ẹ̀rùn létí odò, nítòsí ìsédò Kampe ní Ejiba. Epo pọ́ǹpù ti wọ́n jù. Mo ní tẹmómítà tí wọ́n ń nà sí èèyàn níwájú orí nígbà kòrónà. Ṣé mo lè fi wọn ilẹ̀ oko, kí n lè mọ iye omi tí oòrùn ń gbà lọ?

Ìdáhùn: Okun o. Tẹmómítà yẹn, ẹ fi sílé. Ara èèyàn ni wọ́n ṣe é fún. Bí nǹkan bá ti gbóná kọjá dígírì 43 báyìí, kì í kà á mọ́, bẹ́ẹ̀ ilẹ̀ gbígbẹ lọ́sàn-án ẹ̀ẹ̀rùn lè kọjá 50. Irú tí àwọn tó ń tún ẹ̀rọ amúlétutù ṣe ń lò ni kẹ́ ẹ wá. Ewé sì ni kẹ́ ẹ fi wọ̀n, kì í ṣe ilẹ̀.

Ẹ wo àmù. Omi inú rẹ̀ tutù nítorí pé àmù ń làágùn. Ewé náà ń làágùn: kí lítà omi kan tó gbẹ, ó máa gba nǹkan bíi mégajúùlù 2.45 lára agbára oòrùn. Bí omi bá tán nídìí tómátì, ara ewé ni agbára yẹn ń bọ́ sí.

Ṣùgbọ́n ìgbóná ewé nìkan ò tó. Ọyẹ́ òwúrọ̀ yìí lè yí i padà. Láàárín aago 12 sí 2, tí kùrukùru ò bo oòrùn, ẹ fi fasilíìnì pa ewé kan níwá-lẹ́yìn. Ìyẹn ò ní lè làágùn mọ́. Lẹ́yìn bí ìdajì wákàtí, ẹ fọ́n omi sí òmíràn, kẹ́ ẹ wọn méjèèjì lójú ẹsẹ̀, pẹ̀lú ewé kan tẹ́ ẹ ò fọwọ́ kàn. Kí gbogbo wọn wà nínú oòrùn o. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa, kí ilẹ̀ gbígbóná má bàa dà pọ̀ mọ́ ọn.

Ká ní ti fasilíìnì jẹ́ 39, ti olómi 29, ti ìkẹta 34. Àárín gbùngbùn nìyẹn: ìdajì omi tó yẹ kí oko làágùn ló ń jáde. Bí oòrùn ọjọ́ náà bá lè gba lítà 4 lórí mítà kan níbùú lóròó, lítà 2 ló lọ, ìyẹn 20,000 lórí hẹ́kítà kan. Ẹ má pè é ní èrè. Òǹgbẹ ló ń gbẹ tómátì yín. Bó bá jẹ́ 30 ni ìkẹta kà, ẹ jẹ́ kí pọ́ǹpù sinmi lọ́jọ́ náà.

Sátẹ́láìtì Landsat náà ń wọn ìgbóná ilẹ̀ láti òkè, àmọ́ ibi tó kéré jù tó lè dá mọ̀ nínú àwòrán rẹ̀ fẹ̀ tó 100 mítà níbùú lóròó. Oko ẹ́kà kan á sọnù sínú rẹ̀.